Báṣéè Àtijọ́ Kan ní Goro

Ní agbègbè Tchaourou, nígbà tí iṣu tuntun bá ti jáde, ohùn ọkọ̀ ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ọjọ́ ọjà ti mọ́. Láàárín àwọn ohùn náà, ọ̀kan wà tí àwọn àgbà máa ń dá mọ̀ kí wọ́n tó fojú rí ọkọ̀ fúnra rẹ̀: ohùn Peugeot 404 akẹ́rù, tí gbogbo wa ń pè ní báṣéè nítorí aṣọ tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn kò pọ̀ lójú ọ̀nà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni àwa mẹ́ta tí a jọ ń dá oko ní Goro rà ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá. A fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé bí a ṣe mú un padà sójú ọ̀nà, àti àṣìṣe tó kù díẹ̀ kí a ṣe.

Goro jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement méje tó wà ní commune Tchaourou, ní ẹkùn Borgou. Ilẹ̀ igi ẹmi àti igi kajú ni, ilẹ̀ ebè iṣu tó tò lọ títí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó lọ́jà ní agbègbè yìí, yóò gbọ́ èdè wa, yóò gbọ́ ti àwọn Bàrìbá, ti àwọn Fúlàní àti Faransé, nígbà mìíràn lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Iṣu, kajú àti èédú ni ilẹ̀ náà ń tà síta. Ojú irin tó ti Cotonou dé Parakou, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438, gba àárín Tchaourou kọjá, ṣùgbọ́n koríko ló wà láàárín irin rẹ̀ báyìí. Orí táyà ni ohun gbogbo ń gbà. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá kì í sì í wọ ọ̀nà oko, nítorí àgbàrá òjò a máa gbẹ́ àárín rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ kòtò. Ibẹ̀ ni báṣéè ti ń jẹ ọba.

Ní ọdún 1960 ni Peugeot gbé 404 jáde ní Sochaux, ní ilẹ̀ Faransé. Pininfarina ará Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1963, àti lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láti 1966 dé 1968, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lórí ẹrẹ̀ àti eruku tó jọ tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdíje ló mú un pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n 45°. Agolo irin tí píṣítìnì ń sáré nínú rẹ̀ ṣeé yọ kúrò. Bí ó bá jẹ, a ó fa ti àtijọ́ jáde, a ó ti tuntun bọ̀ ọ́, láìsí pé a ń wá ẹ̀rọ ńlá tí yóò lọ ihò rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tó fún iṣẹ́ náà.

Abẹ́ igi máńgòrò gan-an ni a ti bá tiwa ní Parakou. Adìyẹ ń sàba lórí àga rẹ̀. Àtùpà kan ti fọ́, ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù ti dógùn-ún débi pé a ń rí koríko láti inú rẹ̀, ọ̀pá jíà tó wà lábẹ́ ọwọ́ ìdarí sì ti gan. Bàbá kan tó ti ń tún 404 ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ bá wa wò ó. Ó fọ kábúrétọ̀, ó da ìpẹtà inú tánkì nù, ó ní kí wọ́n jó ojú radiétọ̀ tó ń jò. Bátìrì kò lágbára tó láti yí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ó ti irin ìwọ́wọ́ bọ ihò iwájú ọkọ̀, ó sì wọ́ ọ. Nígbà kẹta ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. A hó yèè! Ayọ̀ yẹn gan-an ló tàn wá, nítorí láti ọjọ́ náà ni a ti ń rò pé ọkọ̀ ti yá.

Lóòótọ́, ọkọ̀ tó lè rìn kò ṣòro í ní. Èyí tó lè dúró ni iṣẹ́.

Nígbà tí Bàbá tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì, ó pè wá kí a wá wò ó. Páìpù tín-ín-rín tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ náà ni ẹnì kan ti fi ẹ̀mú tẹ̀ pa, tó sì ká lórí bí ẹni ká etí ìwé. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró ni ó ń gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó ń ti garniture mọ́ ara ìlù irin tó ń yí pẹ̀lú táyà. Nínú ọkọ̀ wa, ọ̀nà òróró kan ṣoṣo ló wà. Bí rọ́bà ẹsẹ̀ kan bá ń jò, òróró yóò tán, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì rì dé ilẹ̀ láìsí bíréèkì kankan. Ẹni tí kò rí rọ́bà tuntun rà a máa pa páìpù ẹsẹ̀ tó ń jò, kí mẹ́ta tó kù lè ṣiṣẹ́. Báyìí ni ọkọ̀ wa ti ń rìn, kò sí ẹni tó mọ iye ọdún.

Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí ọ̀nà sì tẹ́jú, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ṣùgbọ́n bí iṣu bá kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí awakọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ lójijì, apá òsì kò ní dúró, ti ọ̀tún yóò dúró, ọkọ̀ yóò sì ya sí ọ̀tún. Apá ọ̀tún náà ni àwọn ọmọ iléèwé ń rìn, àti àwọn ìyá tó ru igbá.

Àkókò tí a rí èyí ni iṣu wa ti wà nílẹ̀ ní òkìtì méjì. Oníbàárà wa ní Parakou ń ránṣẹ́, iye owó sì ń wálẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nítorí gbogbo oko ló ń wa iṣu. Ọ̀kan nínú wa ní: «Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dè é padà bí ó ti wà. Ìrìn àjò kan péré ni.» A kò ní purọ́: àwa méjì yòókù kò tètè sọ̀rọ̀. Bàbá fi kẹrosíìnì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ báyìí, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò dè é.» Ó sì lọ jẹun.

A kò wá ẹlòmíràn. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni a háyà, owó ọkọ̀ sì jẹ púpọ̀ nínú èrè ọdún náà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa ṣì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wa títí di òní, ìṣirò náà sì pé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni a fi dúró de àwọn rọ́bà. Láti Cotonou ni wọ́n ti fi bọ́ọ̀sì rán wọn wá, zémidjan kan sì fi wọ́n sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ dé Goro. Gbogbo wọn kò tó ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́. Ìlù irin kan wá láti ara òkú 404 mìíràn ní Parakou. Ẹni tó ń jó irin ilẹ̀ ọkọ̀ fẹ́ fi páànù bo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀, Bàbá sì pariwo mọ́ ọn ní àkókò: bí nọ́ńbà yẹn kò bá bá èyí tó wà nínú carte grise mu, iṣẹ́ gbogbo di asán. A ra ìbánigbófò, a ṣe visite technique.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́, ní ìdajì ọ̀nà Parakou, màlúù mẹ́fà ya sójú títì níwájú wa, ọmọ darandaran sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì. Iṣu méjì já bọ́ láti òkè. Ọkọ̀ náà dúró gbọnrangandan, imú rẹ̀ kò yà síbì kan. Ọmọ náà gbá màlúù ìkẹyìn nídìí, ó juwọ́ sí wa, ó sì wọ igbó lọ. A dé ọjà Arzèkè kí oòrùn tó mú.

Ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn ni kò tíì ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo kì í ṣe ohun tí à ń dà láìwọ̀n mọ́. Igi kan ni a ń tì bọ inú tánkì, a sì ti fi ọ̀bẹ sàmì sí i lára níbi tí epo àlọ àti àbọ̀ Parakou mọ.