Ká Yára Ni, àbí Kó Dá Wa Lójú?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Oyigbo àti gbogbo Port Harcourt, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni mo gbé wá, torí àwa tí à ń tajà mọ ohun tí ojú wa ń rí: oníbàárà ní òun ti sanwó, alert ò dé, ó sì fẹ́ gbé ọjà lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí páànù bò, ẹni tó jókòó síta ló máa ń tan hotspot fún ẹni tó wà nínú. Fóònù tìta ti di alágbàsọ nìyẹn. Lọ́dún 2004, Laneman, Tse àti Wornell kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa irú ìrànlọ́wọ́ báyìí: ẹ̀rọ tó wà nítòsí á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ, kó lè gba ọ̀nà méjì. Bí ògiri tàbí tírélà bá dí ọ̀nà kan, èkejì á gbé e dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ o. Alágbàsọ kì í sábà lè gbọ́ kó tún máa sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tán ná. Àsìkò tó yẹ ká fi sọ ọ̀rọ̀ méjì, ẹyọ kan la ó fi sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wé ọjà. Bí dírẹ́bà méjì bá ń lọ Èkó, mo lè fi iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán wọn, iṣẹ́ méjì á lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo sì lè fi iṣẹ́ kan ṣoṣo rán àwọn méjèèjì. Bí ọkọ̀ ọ̀kan bá bàjẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, èkejì á jẹ́ ẹ. Mi ò lè jẹ èrè méjèèjì tán. Zheng àti Tse ti fi ìṣirò hàn án fún ẹ̀rọ tó ní eríàlì púpọ̀ lọ́dún 2003: bí eré bá ń pọ̀, ìdánilójú á máa dín.

Ọgbọ́n kan wà ṣá. Kí ẹni tó ń gbọ́ máa dáhùn. Bó bá ní òun ti gbọ́, alágbàsọ ò ní tún un sọ mọ́, àsìkò ò ní ṣòfò. Ìgbà tí kò bá gbọ́ nìkan ni yóò tún un sọ.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru ní Oyigbo. Ta ló ń wá fídíò lọ́jọ́ náà? "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" ni ará ilé ń béèrè. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé.

Torí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí nǹkan bá le, ẹ fi fídíò sílẹ̀. Ẹ fi tẹ́ẹ̀sì kúkúrú ránṣẹ́. Kò nílò dátà, bí fóònù ẹni náà bá sì wà ní pípa, nẹ́tíwọ̀kì á tọ́jú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, á tún gbìyànjú. Ẹ fi rán èèyàn méjì nílé, kí ẹ sì ní kí wọ́n fèsì. Lọ́jà náà, kí alert dé kí ẹrù tó jáde. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire o.