Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Ọ̀ṣun àti Yúróòpù

Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìdímù nìkan ni. Ìkòtún ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí kọ̀ndọ́ ti ń pe èrò.

"Ìjẹ̀gun! Ìṣẹrí Ọ̀ṣun! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!"

Bùrọ̀dá kan tó wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn jókòó tì mí. "Kọ̀ndọ́, Ìṣẹrí Olúwa ni kó o máa pè é. Mi ò lè fẹnu mi pe òrìṣà."

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò wa ò débẹ̀. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ wá òmíì."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá kan tó gbé ike ẹ̀fọ́ lé itan yíjú padà. "Ọmọ mi, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ńkọ́? Ṣé a ó yí ìyẹn náà padà ni?"

Lọ́dún 1991 nìjọba fi orúkọ odò Ọ̀ṣun pe ìpínlẹ̀ yẹn. Àmọ́ màmá ò bá ti ìjọba lọ. Ó ní nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ń tẹ Òṣogbo dó, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, Ọ̀ṣun sì figbe ta lábẹ́ omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. "Aláró ni! Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀." Ohùn tí màmá fi sọ ọ́, àfi bíi ti ọlọ́jà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da igbá ẹ̀ nù ní títì. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn rí, ṣùgbọ́n agbára òrìṣà ni wọ́n máa ń fi sọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ létí mi rí bí ẹ̀dùn òṣìṣẹ́.

Bùrọ̀dá ní ká fi òun sílẹ̀, àdúrà físà àbúrò òun tó ń lọ sí Yúróòpù ló gba òun lọ́kàn.

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo ní àwọn Gíríìkì sọ pé Europa, ọmọ ọba Tírè inú Bíbélì yẹn gan-an, ni òrìṣà wọn Zeus para dà di akọ màlúù fún, tó gbé e pọ̀n la òkun já dé Kírétè. Orúkọ obìnrin náà ni gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ń jẹ́ dòní. Mi ò sì tíì rí Kristẹni tó kọ físà nítorí Zeus. Ọ̀ṣun tiwa ni àwọn kan ń gé kúrò lára orúkọ bàbá wọn, tí wọ́n ń fi Olú rọ́pò.

"Ìyẹn yàtọ̀," ni bùrọ̀dá wí.

Mo ní kó sọ ìyàtọ̀ ọ̀hún. Kò tíì sọ ọ́ tán nígbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀.