Aago tí a fi àjọ rà

Àwọn kan ń bi wá pé irú aago wo la ń tẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́bàá adágún Jabi ní ìdájí Sátidé. Kì í ṣe fáàrí o.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kó máa sáré, àmọ́ kó má ṣe àṣejù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ta ló tó sọ fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà pé kó má lé ọmọ ọdún 25? Aago ló bá wa sọ ọ́.

Eré tí wọ́n ń pè ní interval la ń sá: ẹ sáré dáadáa fún 400 mítà, ẹ wá máa rìn títí èémí á fi balẹ̀, ẹ tún gbéra. Ó ti pẹ́ láyé. Emil Zátopek, ọmọ Czechoslovakia, fi irú ẹ̀ múra, ó sì gba góòlù mẹ́ta ní Òlíḿpíìkì Helsinki ní 1952 láìsí GPS kankan. Àwa ní tiwa, kò sẹ́ni tó fa ìlà 400 mítà sẹ́bàá omi fún wa. Aago ló ń wọ̀n ọ́n, táa bá dé ibẹ̀ á gbọ̀n lọ́wọ́ wa.

Kò pọn dandan kó wọ́n. Garmin Forerunner 55 tó jáde ní 2021 tó wa, tòkunbọ̀ sì lọ̀pọ̀ wa rà. Àjọ la fi rà á, ẹnì kan ń kó o lóṣooṣù. Bọ́tìnnì márùn-ún la fi ń darí ẹ̀, ìyẹn sì dáa, torí òógùn Àbújá kì í jẹ́ kí ìka mú ojú gíláàsì.

Àmọ́ ẹ má gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́. Ẹ dúró síbi tójú ọ̀run hàn kó rí sátẹ́láìtì kẹ́ ẹ tó gbéra. Iná wẹ́wẹ́ abẹ́ ẹ̀ tó ń ka ìlù ọkàn náà máa ń pẹ́ lẹ́yìn nínú eré kúkúrú. Ọkàn á ti sáré tán kó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi nọ́ńbà yẹn ṣọ́ ẹ̀gbọ́n wa. Tí kò bá tíì lè sọ "ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" tán lórí èémí kan, kò tíì sinmi tó nìyẹn. Mẹ́rin péré ló ń sá, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà nínú aago tiẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sá mẹ́jọ, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ni tiwọn. Látìgbà náà, kò lé ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń dúró dè é.

Àjọ oṣù tó ń bọ̀ kan àǹtí kan. Ó ní bàtà lòun máa rà, òun ò ṣe aago. A gbà fún un, torí orúnkún tó bá ń dunni, aago ò lè wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ní aago ló ń sá, òun ló sì máa ń pariwo ju aago lọ tí ìsinmi bá pé.