Àwòrán Ilẹ̀ Àtijọ́ àti Àdúgbò Wa

Máàpù Èkó tí Ọ̀gbẹ́ni W. T. G. Lawson yà ní 1885, tí a tún tẹ̀, bọ́ sí wa lọ́wọ́, a sì fara balẹ̀ wò ó. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ààfin Ọba wà; Olówógbowó ni àwọn Sàró tẹ̀dó sí; Pópó Àgùdà ni àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì bọ̀ kọ́ ilé wọn sí. Ẹni tí ó bá fi í wé máàpù ìsinsìnyí yóò rí bí ìlú ti gbòòrò, yóò sì mọ ohun tí ó sọnù. Nítorí ní 1955 ni a bẹ̀rẹ̀ sí wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Èkó, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé wó, ṣùgbọ́n ìwé kò gbàgbé.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àwọn ogun tí ó parí sí Kírìjì ní 1893 tú ọ̀pọ̀ agbo ilé Èkìtì ká. Ẹnu àgbà ni máàpù wa, àgbà sì ń lọ lójoojúmọ́. Ìgbà tí ẹjọ́ ààlà bá dé ni a ń sáré wá ẹlẹ́rìí, a ó sì bá a pé ó ti sùn.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù baálé pe ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé, kí wọn bá àgbà tí ó kù rìn yí àdúgbò ká. Kí ọmọ náà ya ọ̀nà, odò, ojú oórì àti ààlà, kí ó sì kọ ọdún sí i. Bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ wọ́, ó sàn ju ẹjọ́ lọ.