Ẹtu inú ìkòkò Màmá àgbà

Àdùnní ọmọ mi,

Màmá àgbà pè mí láti Kétu. Wọ́n ní o kọ ọbẹ̀ ẹtu, pé àfi kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ fún ọ bí ẹran náà ṣe ń gbé nínú igbó kó tó dé inú ìkòkò. Ìbéèrè tó dára ni. Jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ẹtu kéré, kì í sábà wọ̀n ju kílò 10 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ìwo rẹ̀ kúkurú, ó sì dà sẹ́yìn kí ìtàkùn má baà há a. (Má fi ìwo mọ akọ o, abo náà a máa ní in.) Bó bá gbúròó rẹ, á kọ́kọ́ dúró gbagidi. Bí o bá sún mọ́ ọn sí i, á ki orí bọ igbó bí ẹni bẹ́ lu odò, ó parí.

Èso tó bá já bọ́ ló fẹ́ràn jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn lábẹ́ igi tí ọ̀bọ ti ń jẹun: apà ni ọ̀bọ, ẹtu ló ń jèrè rẹ̀.

Wo abẹ́ ojú rẹ̀ nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́. Omi olóòórùn ń sun níbẹ̀. Akọ àti abo tó jọ ń gbé a máa fi í pa ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn a sì fi pa ara igi wẹ́wẹ́, kí àjèjì lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìyá a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú igbó.

Àmọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Ní Tógò àti Benin, igbó ńlá já láàrin, ọ̀dàn gba ibẹ̀ dé etí òkun. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ka ẹtu agbègbè yẹn mọ́ èyí tó wà láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Gánà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé, Walter Verheyen, mú ẹtu kan ní Badou, ní Tógò, lọ́dún 1968. Ó di 2010 kí Marc Colyn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi agbárí àti DNA fi hàn pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Philantomba walteri. Ibo ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ẹran tí wọ́n yẹ̀ wò? Lọ́jà ẹran ìgbẹ́, níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ti ń tà á láti ọjọ́ tó ti pẹ́!

Tó ò bá fẹ́ jẹ ẹ́, kúnlẹ̀ sọ fún Màmá jẹ́jẹ́, wọn á se ẹja fún ọ. Kí o wá bi wọ́n bí bàbá wọn ṣe ń fi imú ké pe ẹtu jáde nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ. Màmá fúnra wọn mọ̀ ọ́n ké dáadáa. Ojú ló máa ń tì wọ́n.

Bàbá rẹ