Lẹ́tà láti Kétu: Sípíkà Orí Tábìlì fún Orin Ẹ̀fẹ̀

Kétu, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti fojú rí Akaba Idẹ́na, ẹnu-bodè àtijọ́ tó ṣì dúró nílùú Alákétu. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù níbí ni sípíkà kékeré méjì tí mo fọwọ́ ara mi tò.

Orin Ẹ̀fẹ̀ ló fà á. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu fi ń yangàn. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ ara ogún àṣà gbogbo ayé. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde, ọ̀rọ̀ sì ni agbára rẹ̀: ìwúre, ìkìlọ̀, ìbáwí. Àwọn àgbà yọ̀ǹda fún mi, mo gba orin náà sórí fóònù. Nígbà tí a fi sípíkà ńlá òde ìnáwó gbọ́ ọ nínú yàrá, ohùn ń ta lára ògiri àti páànù, ìlù sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí etí sún mọ́ sípíkà ni ọ̀nà àbáyọ. Bí ẹ bá dín àlàfo etí yín sí sípíkà kù sí ìdajì, ohùn tó ń bọ̀ tààrà á fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 lé sí i. Èyí tó ń ta padà lára ògiri kò ní lé. BBC náà ṣe sípíkà kékeré kan, LS3/5A, láàárín 1970 sí 1979, àpótí bíi lítà 5, fún inú ọkọ̀ tóóró tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lóde.

Ní tèmi, káfíńtà gé pílíwúùdù mílímítà 12 fún mi. A fi kan àpótí, a fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀ pinpin, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á rọ. Mo ki òwú díẹ̀ sínú rẹ̀, mo wá de ojú sípíkà ínṣì 3 mọ́ ọn. Kí n tó so wáyà, mo fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì: bí awọ ojú rẹ̀ bá yọ síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni ti wáyà pupa. Bí a bá so ọ̀kan sódì, ohùn akọrin kò ní dúró láàárín, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ńlá á sì rọ.

Sẹ̀ǹtímítà 70 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, 70 náà sì ni sí etí mi. Wọ́n ga dé ọ̀gangan etí, wọ́n kọjú sí mi. Wọn kò lè mi ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ibi tí akọrin ti mí, mo ń gbọ́ ègbè lọ́tọ̀, ìyáàlù lọ́tọ̀. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé báyìí, láìfò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fowó ra sípíkà tó ń dún bí àrá. Bí mo bá dé, mo fẹ́ kan irú rẹ̀ fún yín, ká lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ìjálá àwọn bàbá wa tí ẹ kó pamọ́ yékéyéké, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ẹ bá mi wọn ìbú tábìlì yín, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín