Ìbọn Tuntun Bàbá Ọdẹ

Bí ó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́ ní àdúgbò wa ní Sábó, ìró mẹ́ta ni a máa ń gbọ́: ìró jẹnẹrétọ̀, ìró mọ́tò tó ń kọjá ní òpópónà Herbert Macaulay, àti ìró fèrè Bàbá Ọdẹ. Bàbá Ọdẹ yìí ni bàbá tó bí ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ àdúgbò wa. Ní ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kún Sábó. Ní òru, bàbá arúgbó kan tó ní fèrè, tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pá irin ló ń ṣọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà náà.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn olè wọ ilé méjì ní àdúgbò wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kan àti bátìrì mẹ́rin lọ. Ni ẹgbẹ́ àwọn onílé bá ṣe ìpàdé. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ní kí Bàbá lọ ra ìbọn tuntun, nítorí pé ìbọn ṣakabùlà wọn àtijọ́ ti dípẹtà, kò sì ṣeé yìn mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn onílé béèrè ìdí tí a kò fi ra irú ìbọn tí a ń rí nínú fíìmù, èyí tó ń ki ara rẹ̀. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ohun ìjà ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, ya ìbọn àwọn ológun sọ́tọ̀: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní in láìjẹ́ pé Ààrẹ fi àṣẹ sí i. Ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, bíi ṣakabùlà, pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Bàbá ń tọ́jú ìwé tiwọn sínú ọ̀rá, wọ́n sì fi pamọ́ sínú àpótí.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Ìsẹ́yìn ni Bàbá ti ní kí wọ́n rọ ìbọn náà. Nígbà tí a gba ìsinmi àárín sáà, wọ́n mú mi dání. Mo rò pé a kàn máa san owó, a ó sì gbé ìbọn padà sí Èkó ni. Ṣùgbọ́n Bàbá sọ fún mi nínú mọ́tò pé, "Àjàní, ìbọn tuntun dà bí àjèjì. O kò lè gbé e sùn ní alẹ́ ọjọ́ tó dé."

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìbọn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ẹnu ni a ti ń da ẹ̀tù sí i, a ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìbọn, ihò tóóró kan wà tí iná ń gbà wọlé. Orí ihò yìí ni a ń fi fìlà bàbà kékeré kan dé. Bí a bá fa apátí, òòlù kékeré kan yóò já lu fìlà náà, iná yóò ṣẹ́, yóò gba inú ihò lọ bá ẹ̀tù. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá ṣe tirẹ̀, ìbọn kò ní dún.

Bàbá kọ́kọ́ nu inú ìbọn náà gbẹ, nítorí pé alágbẹ̀dẹ ti fi epo pa á kó má baà dípẹtà. Lẹ́yìn náà, a gbé e lọ sí oko. Wọ́n so ó mọ́ gbòǹgbò igi, wọ́n kọjú rẹ̀ sí òkìtì ọ̀gán ńlá kan, wọ́n da ẹ̀tù díẹ̀ sí i láìfi ọta sí i, wọ́n sì so okùn gígùn mọ́ apátí rẹ̀. A lọ dúró lẹ́yìn igi mìíràn. Bàbá ní ẹlòmíràn ti fi ọwọ́ àti ojú san owó ìbọn tí kò dán wò, nítorí irin tí kò bá dára lè fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Wọ́n fa okùn. Mo gbọ́ "pá!" kékeré, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìbọn kò dún. Mo fẹ́ lọ wò ó, ṣùgbọ́n Bàbá di èjìká mi mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé igba. Wọ́n ní iná lè máa jó wúyẹ́wúyẹ́ nínú ìbọn, kó tó wá dún lójijì lẹ́yìn tí ènìyàn ti rò pé ó ti kú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a rí i pé epo ṣì kù nínú ihò tóóró náà. Bàbá fi wáyà tín-ínrín gún un, wọ́n sì yin fìlà bàbà méjì láìsí ẹ̀tù kí iná lè jó epo tó kù. Lẹ́yìn èyí, ìbọn dún, gbogbo ẹyẹ oko sì fò.

Mo pàtẹ́wọ́. Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún kì í. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, òòlù kékeré yẹn há ní agbedeméjì, kò lu fìlà rárá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó tún há. Alágbẹ̀dẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní igi ìdí ìbọn náà kò tíì gbẹ dáadáa, ó ti wú, ó sì ń di òòlù mú. Kò bínú, Bàbá náà kò bínú. Wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì padà sí Sábó lọ́wọ́ òfo.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílé pe ìpàdé. Alága ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbọn tí a san owó rẹ̀ dà?" Ẹnì kan ní bóyá owó náà ti wọlé. Ẹlòmíràn ní bí ó tilẹ̀ há, kí wọ́n gbé e wá, olè kò kúkú ní mọ̀. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n wá ọdẹ mìíràn. Ara mi gbọ̀n, nítorí pé nínú owó oṣù Bàbá ni owó ìdánwò WAEC mi yóò ti jáde.

Bàbá dìde, wọ́n dá ọwọ́jà aṣọ wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àwọn àgbà ní ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Òótọ́ ni, olè lè sá fún ìbọn tó há. Ṣùgbọ́n bí kò bá sá ńkọ́? Èmi ni yóò kú. Bí ó bá sì dún nígbà tí mi ò fà á, ọmọ yín tó ń ti ẹ̀kọ́ alẹ́ bọ̀ ni yóò kú. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ dáwó sí?" Ilé dákẹ́. Alága ní kí a fún Bàbá ní oṣù kan.

Ní oṣù náà, mo ń ronú sí ìtàn méjì. Èkínní ni ti ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ láti ní ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí. Ìbọn náà kò dá lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò bá a lọ sójú ogun. Ìkejì ni ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam. Ní nǹkan bí 1966 sí 1967, ìbọn tuntun tí wọ́n ń pè ní M16 ń há mọ́ wọn lọ́wọ́: èèpo ọta kì í fẹ́ jáde. Wọ́n ti yí ẹ̀tù rẹ̀ padà, inú rẹ̀ kò ní ìdáàbòbò tó tó lọ́wọ́ ìpẹtà, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi nù ún. Àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń tú ìbọn tó há. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1967. Wọ́n tún ìbọn náà ṣe, ó sì wá di ohun tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo rò ó pé bí ìjọba tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ bá lè kánjú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá kan ní Sábó tó ní sùúrù ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Bàbá padà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n yin ìbọn náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n dé, omi gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe láti wẹ̀, láti tún fọ inú ìbọn ni. Wọ́n ní ẹ̀tù tí a bá fi sílẹ̀ mọ́jú ni ó ń jẹ irin.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ àròkọ yìí, Bàbá kò tíì yin ìbọn náà ní Sábó. Àwọn olè kò sì tíì padà wá. N kò mọ̀ bóyá ìbọn ni wọ́n ń bẹ̀rù tàbí fèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, Alága kì í sọ pé "ọdẹ wa" mọ́. "Bàbá wa" ni ó ń pè wọ́n.